Ohun Tí Etí Eku Ń Sọ fún Wa Nípa Kẹ́míkà Tó Ń Mú Ara Yún

Láti Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú dé Kàbà, títí lọ dé Lọ́kọ́ja, iṣẹ́ tó ń mú kí ọwọ́ kan kẹ́míkà ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń da ọ̀dà tó ń dán sí ilẹ̀ ilé ìtura, àwọn panẹ́lì bítà ń po hádínà mọ́ fílà, àwọn onídìrí ń pa irun láró, bíríkìlà sì ń fọwọ́ lásán po sìmẹ́ńtì. Ìwé kan máa ń bá púpọ̀ nínú àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, èyí tó ń sọ irú ewu tó wà nínú wọn. Ní apá kọkànlá ìwé náà ni ẹ ó ti sábà rí gbólóhùn kan tó ń da àwọn èèyàn láàmú, pé wọ́n ti dán kẹ́míkà náà wò lára eku, àti pé èsì rẹ̀ fi hàn pé ara lè kọ̀ ọ́.

Ọ̀nà méjì tí kò bára mu ni mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn gbà túmọ̀ gbólóhùn yìí. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ eku kò kan èèyàn, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ láìwọ ìbọ̀wọ́. Àwọn mìíràn ní bí ó bá ti ṣe eku níbi, kò sí ẹni tí kò ní ṣe níbi, wọ́n sì pa ohun tí wọ́n fi ń jẹun tì. Ìtumọ̀ méjèèjì kò tọ̀nà. Àyẹ̀wò náà kì í ka iye eku tí ara wọn sú, kò tilẹ̀ dúró kí ara eku kankan sú. Ohun tó ń wò ni bóyá ara eku ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí yóò ṣe máa bá kẹ́míkà náà jà, àti iye kẹ́míkà tó gbà kí ẹ̀kọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ bó ṣe yẹ kí òun lo ìwé náà.

Ṣé ohun kan náà ni kí kẹ́míkà jó ni lára àti kí ara kọ̀ ọ́?

Rárá o. Ibi tí ọ̀pọ̀ àṣìlóye ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, àwa tí a wà ní ilẹ̀ Òkun sì ní ẹ̀rí rẹ̀ nínú oko wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti yan kajú rí ní Yàgbà tàbí ní Ìjùmú mọ epo dúdú tó wà láàárín ìpele méjì èèpo kóró náà. Bí iná bá ti ràn án, epo yẹn á ta jáde, ibi tó bá sì bà lára á jó, á dúdú, awọ ibẹ̀ á sì bó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ẹni tí epo yìí kò lè jó. Ó lè jó ọmọdé, ó lè jó àgbà, ó sì lè jó ẹni tí kò fọwọ́ kan kajú rí láyé rẹ̀. Bí epo náà bá ṣe pọ̀ tó ni ìjóni rẹ̀ ṣe máa ń le tó, ojú ibi tó kàn nìkan ni yóò sì ti ṣe ọṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ń pa kajú lọ́dọọdún, a máa ń rí ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ti lè ṣe iṣẹ́ náà ní ọdún mélòó kan láìsí wàhálà kankan, àfi bí ìgbà tí ara rẹ̀ yí padà lójijì. Epo tí kò ju kí ó tọ́ ìka lọ á kàn án lónìí, kò ní rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ní ọ̀la tàbí ní ọ̀tunla ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, á wú, á sì lé ròrò. Bí ó bá ti fi ọwọ́ náà nu ojú, ìpéǹpéjú rẹ̀ pàápàá á wú. Epo kan náà kò ṣe aládùúgbò rẹ̀ ní nǹkan kan. Èyí ni ohun tí àwọn dókítà ń pè ní alẹ́jì awọ, tí àwa ń sọ pé ara ẹni náà kọ̀ ọ́.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni pé ìjóni kò nílò àtẹ̀yìnwá. Alẹ́jì nílò rẹ̀. Ara gbọ́dọ̀ ti pàdé kẹ́míkà náà rí, kí ó ti dá a mọ̀, kí ó tó lè kọ̀ ọ́. Ẹ má sì rò pé epo kajú jẹ́ ọ̀ràn oko nìkan. Àwọn ilé iṣẹ́ ń rà á, wọ́n ń mú un gbóná, wọ́n sì ń fi ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde ṣe bíréèkì ọkọ̀ àti èròjà tó ń mú kí ọ̀dà gan. Kẹ́míkà ilé iṣẹ́ ni, láti inú igi tó wà lẹ́yìn ilé wa.

Báwo ni ara ṣe ń kọ́ láti kọ nǹkan?

Kẹ́míkà tó ń fa alẹ́jì awọ sábà máa ń kéré gan-an, débi pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara kì í kà á sí. Karl Landsteiner, onímọ̀ tó ṣàwárí irú ẹ̀jẹ̀ A, B àti O, wà lára àwọn tó fi hàn ní ọdún 1935 pé kẹ́míkà kékeré bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ èròjà ara fúnra rẹ̀, ìyẹn pùrótéènì, kí ara tó lè rí i bí àjèjì. Nítorí náà, kẹ́míkà tí kò lè gba inú awọ wọlé, tàbí tó wọlé tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, kì í sábà fa alẹ́jì.

Bí ó bá ti wọlé tó sì ti lẹ̀ mọ́ pùrótéènì, ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú ṣe àpèjúwe ohun tó ń tẹ̀lé e. Ọdẹ tó wà ní ẹnubodè rí àlejò kan tí ìrísí rẹ̀ kò yé e. Kò bá a jà lójú ẹsẹ̀, ńṣe ló lọ ròyìn rẹ̀ ní ilé ìpàdé àwọn ọdẹ. Níbẹ̀, wọ́n wá àwọn tó lè dá irú àlejò bẹ́ẹ̀ mọ̀, wọ́n sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n sì fọ́n wọn ká gbogbo ẹnubodè. Ìlú kò gbọ́ ariwo kankan ní ọjọ́ tí àlejò náà kọ́kọ́ wọlé. Ọjọ́ tó bá padà wá ni ìjà máa bẹ́.

Ilé ìpàdé tí mo ń sọ yìí wà nínú ara wa ní ti gidi. Òun ni àwọn kókó kéékèèké tó wà ní abẹ́ apá, ní ọrùn àti ní ìtan, èyí tó máa ń wú ní ìtan bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀. Kókó tó sún mọ́ ibi tí kẹ́míkà ti wọlé ni ìròyìn máa ń dé, ibẹ̀ sì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó mọ kẹ́míkà náà ti ń pín sí méjì-méjì títí wọn yóò fi pọ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ojú rí èyí lórí awọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ti parí ẹ̀kọ́ yìí lè máa yangàn pé kẹ́míkà náà kò ṣe òun ní nǹkan kan, nígbà tó jẹ́ pé ìfọwọ́kàn kan péré ló kù.

Kí ni wọ́n ń ṣe fún eku náà gan-an?

Ṣáájú kí àyẹ̀wò ti eku tó dé, ẹranko kékeré tí wọ́n ń pè ní guinea pig ni wọ́n ń lò. Wọn á fi kẹ́míkà sí i lára, nígbà mìíràn wọn á tún fi abẹ́rẹ́ gún un pẹ̀lú èròjà tó ń ru ìjà ara sókè. Wọn á dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọn á fá irun rẹ̀, wọn á tún fi kẹ́míkà náà sí i lára, wọn á sì máa wò ó bóyá awọ rẹ̀ pọ́n. Ojú èèyàn ló ń ṣe ìdájọ́, ohun tí ẹnì kan sì pè ní pupa lè má jẹ́ pupa lójú ẹlòmíràn. Kẹ́míkà tó bá ní àwọ̀, irú bí aró irun, tilẹ̀ máa ń bo awọ mọ́lẹ̀ débi pé kò ní sí ohun tí wọ́n máa rí.

Ní àwọn ọdún 1980, Ian Kimber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀nà mìíràn wá. Wọ́n ní dípò kí a dúró de ìjà, ẹ jẹ́ kí a lọ wo ilé ìpàdé, kí a ka iye ọdẹ tó ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ní ọdún 2002, OECD, àjọ tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Paris, tó ń ṣe ìlànà àyẹ̀wò kẹ́míkà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, gba àyẹ̀wò náà wọlé, ó sì fún un ní nọ́ńbà 429. LLNA, ìyẹn àyẹ̀wò kókó tó sún mọ́ ibi tí kẹ́míkà ti kan ara, ni orúkọ tí ẹ ó máa rí nínú ìwé.

Eku tí wọ́n ń lò fún un kì í ṣe èkúté tó ń sá kiri inú àká wa. Eku tí wọ́n dìídì sìn ni, tí àbùdá gbogbo wọn bára mu, abo ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, wọn kò sì tíì lo èyíkéyìí nínú wọn fún àyẹ̀wò mìíràn rí. Ìdí ni pé eku tó ti pàdé kẹ́míkà kan tẹ́lẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀, èsì tó bá mú wá kò ní ṣeé gbára lé.

Wọ́n á pín wọn sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, ó kéré tán eku 4 nínú ọ̀wọ́ kan. Ọ̀wọ́ kan máa gba omi apòpọ̀ lásán, ìyẹn ohun tí wọ́n fi po kẹ́míkà náà. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni acetone tí wọ́n fi òróró ólífì lù, ìdá mẹ́rin acetone sí ìdá kan òróró. Ọ̀wọ́ mẹ́ta yòókù máa gba kẹ́míkà náà ní ìwọ̀n mẹ́ta tó ń ga sí i, fún àpẹẹrẹ ìdá 5, ìdá 10 àti ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n sì lè ní ọ̀wọ́ mìíràn tó gba kẹ́míkà tí a ti mọ̀ dájú pé ara ń kọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọwọ́ àwọn kò yẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, wọ́n á fi ìwọ̀n 25 máíkírólítà sí ẹ̀yìn etí kọ̀ọ̀kan eku. Ẹ ronú nípa bí èyí ṣe kéré tó: mílílítà kan ṣoṣo máa tó fún etí 40. Wọn kò fá irun, wọn kò ki abẹ́rẹ́ bọ etí, ńṣe ni wọ́n kàn fi í kan awọ bí òróró. Ní ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún wọn kò fi nǹkan kan sí i mọ́. Àkókò yìí ni iṣẹ́ ń lọ nínú kókó tó wà nítòsí etí náà.

Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n á gún eku ní abẹ́rẹ́ sí iṣan ìrù. Ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà ni thymidine, èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì ń lò nígbà tó bá ń ṣe ẹ̀dà àbùdá rẹ̀ kí ó lè pín sí méjì. Wọ́n ti fi háídírójìn tó ń tú ìtànṣán díẹ̀ sínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí kò pín kò ní gbà á sínú àbùdá rẹ̀, èyí tó ń pín á gbé e mì. Lẹ́yìn wákàtí 5, wọ́n á pa eku náà, wọ́n á yọ kókó ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, tí kò ju mílímítà díẹ̀ lọ, wọ́n á tú u sí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ ka ìtànṣán tó wà nínú wọn. Bí ìtànṣán náà bá ṣe pọ̀ tó ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ ló kà á, kì í ṣe ojú èèyàn. Ọ̀nà mìíràn tí kò ní ìtànṣán nínú ti wà láti ọdún 2010, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń kà.

Kí ni nọ́ńbà 3 tó máa ń wà nínú èsì náà?

Wọ́n á fi iye tí ẹ̀rọ kà fún ọ̀wọ́ tó gba omi apòpọ̀ lásán pín iye tó kà fún ọ̀wọ́ tó gba kẹ́míkà. Bí èsì bá tó 3 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kà á sí pé kẹ́míkà náà lè kọ́ ara láti kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan, kí ó lè yéni yékéyéké. Ká ní ọ̀wọ́ omi apòpọ̀ lásán mú 400 wá. Ọ̀wọ́ tó gba ìdá 5 mú 600 wá, ìyẹn ìlọ́po kan ààbọ̀. Ọ̀wọ́ tó gba ìdá 10 mú 1,200, ìlọ́po mẹ́ta gééré, ọ̀wọ́ ìdá 25 sì mú 2,400, ìlọ́po mẹ́fà. Ìdá 10 ni ibi tí ìlọ́po mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní EC3. Mo fẹ́ kí ẹ di nọ́ńbà yìí mú, nítorí pé òun ni ó wúlò jù nínú gbogbo èsì náà, tó sì jẹ́ pé òun ni àwọn èèyàn kì í wò.

Bí EC3 bá ṣe kéré sí ni kẹ́míkà náà ṣe lágbára sí, nítorí ìwọ̀n kékeré ti tó láti kọ́ ara. Èyí tí EC3 rẹ̀ kò bá ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ni wọ́n ń fi sí ìpele 1A, ìpele àwọn alágbára. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ wà ní ìpele 1B. Kẹ́míkà tí a mọ̀ sí PPD, tó wà nínú ọ̀pọ̀ aró irun, tí àwọn kan sì ń pò mọ́ làálì kí ó lè dúdú kíákíá fún ìyàwó, EC3 rẹ̀ kò tó ìdá 1. Bẹ́ẹ̀ náà ni irú chromium tó máa ń wà nínú sìmẹ́ńtì, èyí tó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin dè é láti ọdún 2005 pé kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò sìmẹ́ńtì kan. Ní ìdàkejì, èròjà tó ń mú kanáfùrù ta sánsán ní EC3 tó ju ìdá 5 lọ. Gbogbo wọn ni eku sọ pé ara lè kọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ojú kan náà wo PPD àti kanáfùrù kò gbọ́ ohun tí eku sọ tán.

Ibo ni eku ti lè ṣì wá lọ́nà?

Ó lè ṣì wá lọ́nà níbi méjì, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi pa mọ́. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn kẹ́míkà kan wà tí wọ́n kàn ń jó awọ, tí ara kì í kọ̀, síbẹ̀ tí wọ́n ń mú kí sẹ́ẹ̀lì inú kókó pọ̀. Èròjà tó ń mú kí ọ̀pọ̀ ọṣẹ olómi hó, tí wọ́n ń pè ní sodium lauryl sulfate, wà lára wọn. Eku máa ń dá a lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí tó wà lára èèyàn kò dá a lẹ́bi alẹ́jì.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ, nítorí ó jẹ́ pé eku dá ẹlẹ́bi sílẹ̀. Nickel, irin tó máa ń wà nínú yẹtí olówó pọ́ọ́kú, nínú ìdè bẹ́líìtì àti nínú àwọn ẹ̀gbà ọwọ́ kan, wà lára ohun tí awọ èèyàn ń kọ̀ jù lágbàáyé. Síbẹ̀ àyẹ̀wò eku kì í sábà rí i mú. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Jámánì ṣàlàyé ìdí rẹ̀: pùrótéènì kan wà lára sẹ́ẹ̀lì èèyàn tí nickel máa ń dì mọ́ tí yóò fi ta ara lólobó, ṣùgbọ́n irú pùrótéènì bẹ́ẹ̀ lára eku kò ní ibi tí nickel lè dì mú. Ìdí nìyí tí èsì tó ní eku kò kọ kẹ́míkà kan kò fi lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, pàápàá tó bá jẹ́ irin ni.

Ṣé eku ni wọn yóò máa lò títí?

Wọ́n ti ń kúrò níbẹ̀, inú mi sì dùn sí i, nítorí ẹ̀mí ni eku náà ní. Láti ọdún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò gba kí wọ́n ta ìpara àti ohun ìṣaralóge tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dán wò lára ẹranko. Àwọn àyẹ̀wò mìíràn wà báyìí: ọ̀kan ń wò ó nínú ìgò bóyá kẹ́míkà ń lẹ̀ mọ́ ègé pùrótéènì, ọ̀kan ń lo sẹ́ẹ̀lì awọ èèyàn, ọ̀kan sì ń lo sẹ́ẹ̀lì tó jọ ti ẹ̀jẹ̀ tó ń jíṣẹ́ fún ara. Kò sí èyí tó dá tó nínú wọn. Ní ọdún 2021 ni OECD fọwọ́ sí ìlànà bí a ṣe lè pa èsì wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kẹ́míkà tó wà lọ́jà lónìí, èsì eku ṣì ni ìwé wọn ń sọ.

Kí ni ẹni tó ń fọwọ́ kan kẹ́míkà máa mú nínú ìwé náà?

Ẹ wá àmì H317 lára ike tàbí nínú ìwé náà. Àmì yìí ń sọ pé kẹ́míkà náà lè mú kí awọ kọ̀ ọ́. Bí ẹ bá tún rí 1A, ẹ mọ̀ pé ìwọ̀n kékeré ti tó láti kọ́ ara. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ má ṣe iṣẹ́ yín. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé iye ìgbà tí kẹ́míkà náà bá kan awọ yín, àti bí ó bá ṣe pọ̀ tó, ni yóò pinnu bóyá ara yín máa kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò ní gbàgbé, nítorí pé bí ara bá ti kọ nǹkan báyìí, ó sábà máa ń kọ̀ ọ́ títí ayé ni.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ìfọwọ́kàn àkọ́kọ́ tó wáyé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti ń yún. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò kì í dá ọ̀dà tó ní hádínà dúró pẹ́. Èyí tí wọ́n fi nitrile ṣe sàn jù ú lọ. Ẹ má fi tínà fọ ọwọ́, nítorí ó ń bó ọ̀rá tó dáàbò bo awọ, ó sì ń lànà fún kẹ́míkà láti wọlé. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ lò. Ẹ̀yin onídìrí, ẹ má ka ìkìlọ̀ tó wà lára páálí aró sí àṣejù, èyí tó ní kí ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí tàbí ìgbọ̀nwọ́ oníbàárà, kí ẹ sì dúró fún wákàtí 48. Ara tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ nílò ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó fèsì, nítorí náà ìdúró wákàtí kan kò lè fi nǹkan kan hàn yín.

Bí ọwọ́ ẹnì kan bá sì ti ń yún, tó ń lé ròrò lẹ́yìn iṣẹ́, tó sì ń rọlẹ̀ nígbà tó bá sinmi, kí ó lọ rí dókítà, kí ó sì mú ìwé kẹ́míkà náà dání. Ìpara lè mú kí ìyúnra náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mú kí ara gbàgbé. Ohun tí dókítà nílò ni orúkọ kẹ́míkà náà gan-an, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà. Apá kẹta ìwé náà ni orúkọ ọ̀hún wà.